Gbé Fọ́ọ̀mù Yẹn Sílẹ̀, Àkànní

Gbé fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ ná, Àkànní. Má wulẹ̀ ká a sínú àpò padà, mo ti rí i. Mo rí ibi tí o fi báírò bulúù kọ Coker sí, níwájú ibi tí wọ́n ti bi ọ́ ní orúkọ tí o ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo sì rí i pé ìlà tí orúkọ tuntun yẹ kó wà ṣófo. O fẹ́ ju ti àná nù, o ò sì tíì mọ èyí tí o máa jẹ́ lọ́la. Ká ní o ṣì kéré ni, mi ò bá ti fà ọ́ létí títí wàá fi mọ ohun tó ń dùn mí.

Jókòó. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, ebi á ti máa pa ọ́. Ẹ̀wà wà nínú kúlà, gààrí wà lórí tábìlì, má bu ṣúgà púpọ̀ sí i. Ẹnu rẹ ni o fi ń jẹun, kì í ṣe etí. Bí àwọn tírélà tó ń gba ọ̀nà Ìdìrókò bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, màá dúró kí wọ́n kọjá, màá tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo dé. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn nínú ìlú Ọ̀tà yìí, mi ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lórí kunkun tó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

O ní orúkọ ẹrú ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ẹlẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń kó páálí ike sínú ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ yín, tó wo fídíò lórí fóònù nígbà tí ẹ ń sinmi. Ó ní òyìnbó tó ra bàbá ńlá wa ló fi orúkọ yìí sàmì sí wa lára. Ìwọ náà sì gbà, ẹnu rẹ là sílẹ̀! O ò béèrè pé òyìnbó wo, nínú oko wo, lọ́dún wo. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bí o bá fẹ́ yí orúkọ padà, o ti dàgbà, o ti gbéyàwó, kò sí ẹni tó máa dì ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ pé irọ́ ni o gbọ́ tí o fi yí i, lójú èmi tí mo wà láàyè.

Coker yìí, orúkọ abúlé ni kó tó di orúkọ èèyàn. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹkùn Somerset, lẹ́bàá ìlú Yeovil, abúlé kan wà tó ń jẹ́ East Coker, òmíràn wà nítòsí rẹ̀ tó ń jẹ́ West Coker. Odò kékeré kan tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ kọjá níbẹ̀ ni wọ́n ní ó fún wọn lórúkọ, àwọn tó sì sọ odò náà bẹ́ẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀ rárá. Nígbà tí Ọba William ará Normandy ní kí wọ́n ka ilẹ̀, ẹran ọ̀sìn àti ọlọ ọkà gbogbo tó wà ní ìjọba rẹ̀ sínú ìwé ní 1086, abúlé yìí ti wà níbẹ̀. Cocre ni akọ̀wé ọba kọ. Ẹni tó bá wá ti ibẹ̀ ṣí lọ síbòmíràn, ará Coker ni àwọn tó bá níbẹ̀ ń pè é, títí tó fi mọ́ ọn lára, tó sì mọ́ ọmọ rẹ̀ náà lára. Ẹ̀yin náà ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín tí gbogbo yín ń pè ní Ìjẹ̀ṣà, àbí ẹ ò ní? Ṣé o mọ orúkọ rẹ̀ gan-an? Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbé orúkọ ìdílé wá látọ̀run. Kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ wọn ní 1066, orúkọ kan ṣoṣo ló ń tó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí ilẹ̀ àti owó orí di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, tí ọba sì fẹ́ mọ John tó jẹ gbèsè yàtọ̀ sí John tí kò jẹ, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so nǹkan mọ́ ọn: John alágbẹ̀dẹ, John ọmọ Will, John ará Coker. Ó pẹ́ kó tó le gírígírí mọ́ ìdílé. Abúlé náà kò tóbi títí di òní. William Dampier, awakọ̀ òkun tó yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1651. T. S. Eliot, akéwì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1948, ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ni eérú òkú rẹ̀ wà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. A ò bá ìkankan nínú wọn tan o. Mo mọ irú ẹni tí o jẹ́, kí o má lọ máa fọ́nnu lọ́la.

O wá ń béèrè nínú ara rẹ pé báwo ni orúkọ ará Somerset ṣe dé orí èèyàn dúdú. Ọ̀nà tó gbà dé kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa, kí o sì lọ sọ ọ́ fún ọlọ́fídíò yẹn.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún 1780, obìnrin òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Susan Coker. Ìwọ̀fà ni, ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ san gbèsè. Òun àti ọkùnrin dúdú kan tó jẹ́ ẹrú, Edward Wright, ni wọ́n jọ bí ọmọkùnrin kan, Isaac Wright lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹrú ni wọ́n ka ọmọ náà sí, pẹ̀lú ìyá òyìnbó tó bí i. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kò gbà láti lọ sílé ìwé bí kò bá tẹ̀ lé wọn, àti pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ìwé. Nígbà tó gbọ́n tó, ó sá lọ sí New York. Níbẹ̀ ló ti bọ́ Isaac Wright sílẹ̀ kí àwọn tó ń wá ẹrú tó sá má baà rí i mú, ó sì gbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ wọ̀: Daniel Coker.

Ṣé o gbọ́? Orúkọ tí ẹ ń pè ní ti ẹrú, òun gan-an ni ọkùnrin yìí fi bọ́ lóko ẹrú. Jẹ ẹ̀wà rẹ, má wò mí bẹ́ẹ̀.

Kò tíì tán. Nígbà tó yá, ó padà sí Baltimore, wọ́n ra òmìnira rẹ̀ fún un, ó di olùkọ́ àwọn ọmọ dúdú àti oníwàásù. Ní 1810 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, nínú èyí tí ará Virginia kan tó ni ẹrú àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà ti ń jiyàn lórí òwò ẹrú; o mọ ẹni tó borí. Ní 1816 ó wà lára àwọn tó dá ìjọ AME sílẹ̀ ní Philadelphia, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò fẹ́ máa jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó mọ́. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ní bíṣọ́ọ̀bù, ó kọ̀ ọ́, Richard Allen ló sì jẹ ẹ́. Ní 1820 ó wọ ọkọ̀ Elizabeth láti New York, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kó lọ tẹ̀dó sí ibi tó di Làìbéríà lẹ́yìn náà. Erékùṣù Sherbro tí wọ́n gúnlẹ̀ sí kò dára, ibà pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn òyìnbó aṣíwájú náà kú, Coker ló kù tó ń tọ́jú àwọn tó yè. Kò bá àwọn tó kù lọ sí Làìbéríà. Freetown ló dúró sí, ìjọba ibẹ̀ sì fi í ṣe alábòójútó abúlé kan tó ń jẹ́ Hastings. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1846, ìdílé rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló wá ń gbé Hastings? Ọ̀rọ̀ tiwa dé. Láti 1807 ni Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láàrin àwọn tirẹ̀, ọkọ̀ ogun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọkọ̀ àwọn Potogí, Sípéènì àti Brazil lójú òkun. Ẹni tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ni wọ́n ń kó o lọ. Lásìkò yẹn, Ọ̀yọ́ ilé ń fọ́, Òwu ti fọ́, ogun ń jó abúlé, wọ́n sì ń ta àwọn èèyàn wa wọ ọkọ̀ ní Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah. Nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbà, ní 1822, ni Àjàyí ọmọ Òṣogùn wà, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọ̀pọ̀ abúlé tó yí Freetown ká, Hastings, Waterloo, Wellington, ló kún fún Yorùbá. Nítorí "ẹ kú" tí wọ́n fi ń kí ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́, Aku ni àwọn tó kù ń pè wọ́n.

Báwo ni Aku ṣe di Coker, Johnson, Cole, Macaulay? Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ṣì wà, orúkọ àbísọ wọn ló wà níbẹ̀, bó ṣe dún létí akọ̀wé. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì dé lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà ìrìbọmi. Ẹlòmíràn gba ti àlùfáà, ẹlòmíràn gba ti gómìnà, bíi orúkọ Macaulay tó dé ọ̀dọ̀ Herbert Macaulay tiwa. Ẹlòmíràn gba ti alábòójútó abúlé, tàbí ti ẹni tó gbà á sílé. Àjàyí gba ti Samuel Crowther, fíkà kan ní London tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí. Àwọn ọmọdé kan wà tí wọn kò tilẹ̀ bi léèrè: ẹni tó bá ń fi pọ́ùn márùn-ún ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ọmọ kan, ó lè sọ ọmọ náà lórúkọ tó bá wù ú, ó jókòó sí ilé rẹ̀ ní England. Ìyẹn ń bí èmi náà nínú. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí mo ń fi hàn ọ́: kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ orúkọ ẹni tó rà wọ́n. Àwọn tó rà wọ́n, ọlọ́pàá òkun ti gba ọkọ̀ wọn.

Mi ò sọ pé Daniel Coker ló bí wa o. Bàbá mi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, èmi náà kò ní sọ ọ́ fún ọ. Mo ń sọ fún ọ irú àwọn tó gbé orúkọ yẹn rìn kó tó dé etí òkun wa. Ó sì yẹ kí o rí àwọn tó kù sẹ́yìn ní Freetown. Ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí, bí wọ́n bá ń gbé e jáde, kómọjáde ni wọ́n ń pè é di òní olónìí. Sàráà tí wọ́n ń ṣe fún òkú, àwùjọ ni. Egúngún ń jáde ní Hastings, ẹgbẹ́ Òjè ló ni ín. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì láti Monday di Saturday ló wà nínú ẹ̀kú yẹn. Ìwọ tí o fẹ́ fi orúkọ di Yorùbá padà, ìgbà wo ni o ti rí egúngún kẹ́yìn? Èyí tó jáde ní Ọ̀tà níbí lọ́jọ́sí, o ní o ń sùn.

Láti 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wálé. Àgbádárìgì ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn gba Abẹ́òkúta. Nígbà tí Èkó rọ̀, wọ́n kún Èkó. Àwọn ará ilé ní Sàró ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, James White, ni CMS rán wá sí Ọ̀tà níbí ní 1854. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà láàrin àwọn Àwórì Ìganmọ̀dé, ìjọ rẹ̀ kò sì tètè pọ̀, nítorí ará Ọ̀tà kò fi òrìṣà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí bàtà àti kóòtù. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ohun tó ń rí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ọ̀tà wà nínú ohun tó kọ, àwọn tó ń kọ ìwé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lónìí sì ń padà lọ kà á. Ó ń wàásù lòdì sí i, síbẹ̀ kò lè mójú kúrò níbi ijó. Kò sí ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó ìyẹn: Sàró olórúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó fi ìran àwọn ìyá wa sínú ìwé.

Fi omi sí gààrí yẹn, ó ti gbẹ jù.

Ẹni tí mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ ni J. K. Coker. Jacob Kẹ́hìndé. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1866, ó di oníṣòwò ní Èkó, nígbà tí òwò kò lọ déédéé mọ́ ó yí sí oko. Ifákò lóko rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agége. Bọ́ọ̀sì kan láti Sàngó ti gbé ọ débẹ̀. Kòkó àti obì ló gbìn, kì í ṣe oko ìdílé lásán, oko ńlá tó ń gba ọ̀pọ̀ alágbàṣe láti òkè. Ní 1907 òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn alágbàṣe tó ń padà sílé láti Agége ń gbé èso kòkó lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀sìn ìjọ ọ̀gá wọn lórí. Ọ̀pọ̀ kòkó tó sọ ilẹ̀ Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Oǹdó di ọlọ́rọ̀, ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ ti gbà kọjá. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti Èkó ní 1896, tó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ẹ̀bá ibẹ̀ yẹn ló gbà. Irin tí o máa ń fò kọjá nígbà tí o bá ń sáré tọ bọ́ọ̀sì iṣẹ́, o ò mọ ohun tó ti gbé kọjá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọ rẹ̀ ni kókó. Ní 1901, nígbà tí àwọn òyìnbó CMS ṣe ohun tí kò tọ́ sí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, Breadfruit, ní Èkó, àwọn ọmọ ìjọ dìde, wọ́n jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. J. K. Coker wà níwájú wọn. Ìjọ tí èèyàn dúdú ń darí, tí kò lé oníyàwó púpọ̀ síta, tó ń kọrin ní Yorùbá. Owó kòkó ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ó bá òyìnbó jà nínú ilé Ọlọ́run, ó borí, ó sì kú ní 1945 gẹ́gẹ́ bíi Coker. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò tó ọmọ Yorùbá. Bí o bá rí fọ́tò rẹ̀, wàá mọ̀.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. Wàá ní àwọn kan yí tiwọn padà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yí i, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. William James Davies ní Freetown di Orishatukeh Faduma ní 1887. David Brown Vincent, òjíṣẹ́ Ọlọ́run àwọn Onítẹ̀bọmi, di Mojola Agbebi ní 1894. Kò fi mọ sórí orúkọ, ó bọ́ kóòtù náà, agbádá ló ń wọ̀, títí kan ìgbà tó lọ sí London àti Amẹ́ríkà. George William Johnson ní Abẹ́òkúta di Oshokale Tejumade Johnson. Wo ìyẹn dáadáa: ó gbé orúkọ Yorùbá síwájú, ó jẹ́ kí Johnson dúró lẹ́yìn. Fẹlá náà ní orúkọ ẹrú ni Ransome, ó yọ ọ́, ó fi Aníkúlápó síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, Olikoye àti Beko, fi Ransome-Kuti tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ta ló fẹ́ràn Nàìjíríà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bí o bá lè dáhùn, màá fún ọ ní fọ́ọ̀mù yìí padà.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ọ ni pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ nù. Agbebi mọ ilé bàbá rẹ̀ ní Èkìtì, ó mọ ìdí tí Vincent fi dé orí wọn. Wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ, ilé wo lo wò?

Lóòótọ́, Coker mìíràn wà tí ọlọ́fídíò yín lè máa tọ́ka sí. Ní Hartsville, South Carolina, yunifásítì kan wà tó ń jẹ́ Coker. James Lide Coker ló dá a sílẹ̀ ní 1908, ológun tó jà fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí kò fẹ́ tú ẹrú sílẹ̀. Èèyàn dúdú tó ń jẹ́ Coker ní irú agbègbè yẹn ní ẹjọ́ tó lè rò, mi ò ní bá a jiyàn. Ó tọ́ kó yí tirẹ̀ padà bí ó bá wù ú. Orúkọ kan náà ni, ọ̀nà tó gbà wọ ilé kò dọ́gba. Ìyẹn ni ẹlẹgbẹ́ rẹ kò yà sọ́tọ̀.

Tiwa nìyí: ní Òrílé Ìgànmú, ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ Coker, àwọn kọńdọ́kítọ̀ ń pariwo rẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Coker-Aguda wà ní Èkó. Ní 1962, nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wò, Adájọ́ G. B. A. Coker ni wọ́n fi ṣe alága, ìròyìn rẹ̀ sì mì gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Syl Cheney-Coker, akéwì àti òǹkọ̀wé, ọmọ Freetown ni. Ní ọ̀rúndún tó kọjá lọ lọ́hùn-ún, Robert Coker ń lu dùùrù ní Èkó tí wọ́n fi ń pè é ní Mozart. Lóòótọ́, àwọn Williams, Johnson, Cole àti Davies pọ̀ jù wá lọ. Ibùdó reluwé tuntun ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta, Mobolaji Johnson ni wọ́n sọ ọ́, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ gómìnà Èkó. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ tó wà ní Peckham ní London, bó bá gbọ́ Coker lórí ìlà ilé ìwòsàn, Yorùbá tàbí ará Freetown ló kọ́kọ́ ń wá lójú.

Ó tún ku ohun kan tí o ò rò. O ní o fẹ́ wá orúkọ àbísọ bàbá ńlá wa kàn, kí o fi rọ́pò Coker, kí ìwọ àti ọmọ rẹ àti ọmọ ọmọ rẹ máa jẹ́ ẹ lọ. Ó dára. Bàbá ńlá wa fúnra rẹ̀ kò jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀, ó ní oríkì tirẹ̀, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ agbo ilé àti oríkì orílẹ̀. Ká fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo de ìran mẹ́wàá mọ́lẹ̀ nínú ìwé, àṣà ọba William nìyẹn. Orúkọ tí wàá kọ sí ìlà tó ṣófo yẹn á jẹ́ Yorùbá, ìlà náà á ṣì jẹ́ ti òyìnbó. Bí ohun tí o ń wá bá jẹ́ ti bàbá rẹ, ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: Àkànní tí mò ń pè ọ́ láti àárọ̀ yìí, ta ló rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni?

Wàá tún lọ sí kóòtù lọ búra. Wàá gbé e sínú ìwé ìròyìn. Wàá lọ tò fún NIN, wàá tò ní báǹkì fún BVN, wàá lọ ṣàlàyé fún àwọn tó mú pẹ́ńṣàn rẹ lọ́wọ́, ìwé ẹ̀rí WAEC rẹ á sì máa jẹ́ Coker lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ìgbà wo ló máa rí àyè tò? Ìyàwó rẹ náà ń jẹ́ ẹ. O ti sọ fún un? O ò sọ fún un. Ó lóyún, o sì fẹ́ kó lọ dúró lórí ìlà nínú oòrùn Sàngó nítorí fídíò ẹni ẹlẹ́ni.

Ní ti ọmọ tó ń bọ̀, ẹ fi Coker sẹ́yìn orúkọ rẹ̀ tàbí ẹ má fi í, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, èmi ni àgbà tó kù nílé yìí, owó mi ló máa kọ́kọ́ bọ́ sínú omi, orúkọ tí mo bá pè ni ẹ máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Mo ti ní in lọ́wọ́, mi ò sì ní sọ ọ́ fún ọ lónìí. Ìwọ ṣáà wá obì, orógbó, oyin àti ataare, kí o sì tètè wá wọn. Orógbó tí wọ́n gbé wá fún ti ọmọ àbúrò rẹ lọ́jọ́sí ti kókòrò jẹ inú rẹ̀ tán, èmi ni mo sì gbé e sẹ́nu.

Gbé abọ́ yẹn lọ sẹ́yìnkùlé, fọ̀ ọ́, kí o wá lọ sùn. Fọ́ọ̀mù náà á wà lábẹ́ rédíò mi.